Àlejò Ọmọ Òrukàn: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ilé Ìtọ́jú Ọmọ ní Ilẹ̀ Kẹ́ńyà

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé ọdọọdún ti ẹgbẹ́)



Ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwọn ilé ìtọ́jú ọmọ ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, nítorí pé a ti gbé ilẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀, a sì ti wọ irú ilé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àlejò. Kì í ṣe ìtàn ìrìn-àjò lásán ni wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu wa. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ilẹ̀ tí ẹgbẹ́ rà lẹ́yìn ọjà ṣì wà bí a ti rà á, àti pé àbá tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí a kọ́ ilé àwọn ọmọ òrukàn sórí rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àbá náà sí ìsàlẹ̀ ọkàn yín bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

Irú ilé báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Kẹ́ńyà. Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ìjọba sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1963, ìjà Mau Mau ti jà. Ní 1952 ni wọ́n kéde òfin pàjáwìrì, ó sì di 1960 kí wọ́n tó fagi lé e. Bàbá wà nínú igbó tàbí nínú àgọ́ ẹ̀wọ̀n, ìyá ń ṣe wàhálà oúnjẹ, ọmọ sì ń sùn ní òpópónà Nairobi. Ní 1959 ni Geoffrey Griffin, pẹ̀lú Geoffrey Geturo àti Joseph Gikubu, bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú àwọn ọmọkùnrin bẹ́ẹ̀ jọ sínú ahéré onípáànù méjì. Ibẹ̀ ni ó di Starehe, ilé-ẹ̀kọ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jìnnà lónìí. Griffin wà lórí iṣẹ́ náà títí ikú fi mú un lọ ní 2005.

Lẹ́yìn náà ni àrùn éèdì dé. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a bí pẹ̀lú kòkòrò àrùn náà lára, tí òbí wọn kú, tí ẹbí sì ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn wọ́n. Ní 1992, àlùfáà Àgùdà kan, ọmọ Amẹ́ríkà, Angelo D'Agostino, ẹni tí ó tún jẹ́ dókítà, dá ilé kan sílẹ̀ fún irú wọn ní Nairobi. Ó pè é ní Nyumbani, èyí tí ó túmọ̀ sí "nínú ilé" ní èdè Swahili. Ní ìbẹ̀rẹ̀, oògùn kò sí, ilé náà sì sin ọmọ púpọ̀. Nígbà tí oògùn dé tí àwọn ọmọ ń dàgbà, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dé kóòtù, ó sì di 2004 kí ilẹ̀kùn tó ṣí fún wọn. Àlùfáà náà kú ní 2006. A ó tún dárúkọ Nyumbani kí a tó parí, nítorí ohun mìíràn tí wọ́n ṣe ní ọdún náà gan-an.

Wàyí o, báwo ni ọmọ ṣe ń lo ọjọ́ rẹ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀? Ilé kan tí a mọ̀ dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ Nairobi ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, a kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni agogo ti ń dún. (Àwọn tí ń sọ Swahili a máa ka wákàtí láti ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́, tí ó fi jẹ́ pé aago méje òwúrọ̀ tiwa ni wákàtí kìíní tiwọn. Ẹni tí a bá dá aago fún ní Kẹ́ńyà, kí ó béèrè èdè tí a fi dá a.) Àwọn àgbà ọmọ a gbálẹ̀, wọn a pọn omi, wọn a wẹ àwọn kékeré. Nairobi wà lórí òkè tí ó ga ju 1,600 mítà lọ sí ojú òkun, òtútù oṣù keje níbẹ̀ kì í ṣe eré, nítorí náà olúkúlùkù a wọ aṣọ òtútù lé aṣọ ilé-ẹ̀kọ́. Wọn a mu uji, tí í ṣe ẹ̀kọ mímu gbígbóná, ti àgbàdo tàbí ti jéró. Láti 2003 ni ìjọba ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, nítorí náà inú ilé-ẹ̀kọ́ àdúgbò ni wọ́n ń lọ, àwọn àti àwọn ọmọ onílé.

Ní ọ̀sán, githeri ni, àgbàdo àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jẹ àdàlú rí kò nílò àlàyé. Ní alẹ́, ugali ni, òkèlè ìyẹ̀fun àgbàdo funfun tí ó le ju àmàlà wa lọ, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tí wọ́n ń pè ní sukuma wiki. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀fọ́ náà ni "ti ọ̀sẹ̀ síwájú", nítorí pé òun ni ẹni tí owó rẹ̀ ti tán fi ń dé òpin ọ̀sẹ̀. Ẹran kì í wọ́pọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá dín chapati, àwọn ọmọ ti gbọ́ òórùn rẹ̀ kí wọ́n tó dé ẹnu géètì. Ìyá ilé kan ni ó ń tọ́jú ogún ọmọ ní yàrá méjì. Obìnrin náà mọ ẹni tí ń tọ̀ sílé, ó mọ ẹni tí ń fi oúnjẹ pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ gbọ́ ariwo ọkùnrin. Ṣùgbọ́n owó oṣù rẹ̀ kéré, nígbà tí a sì tún padà dé ibẹ̀ ní ọdún kejì, ẹlòmíràn ni a bá nípò rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ àlejò. Àwọn ọmọ ìjọ a wá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a wá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ a wá nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ìyẹ̀fun àgbàdo, òróró, ṣúgà àti ọṣẹ. Àwọn òyìnbó náà a wá láti òkè òkun. Àwọn mìíràn a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Wọn a kọ orúkọ sínú ìwé àlejò, àwọn ọmọ a to ìlà, wọn a kọrin, wọn a jó, a ó ya fọ́tò. Ní oṣù Kejìlá, yàrá ìkóǹkanpamọ́ a kún dé òrùlé. Ní oṣù Kejì, ẹni tí ń dáná a máa ka agolo ìyẹ̀fun.

A kò bú àwọn àlejò. Ìyẹ̀fun tí wọ́n gbé wá ni àwọn ọmọ jẹ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ojú àlejò kì í rí, nítorí pé ó ti lọ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, a sáré bá ẹni tí kò rí rí, a dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a sì jókòó lé e lórí itan. Àlejò a ní, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ti fẹ́ràn mi!" Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ jókòó síhìn-ín, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ọmọ yín ń ṣe sí àjèjì? Ọmọ tí ó ní ìyá a kọ́kọ́ sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ọmọ tí ń fò mọ́ gbogbo ènìyàn kò tíì rí ẹni kan tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè kan wà tí a gbọ́ níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: "Utarudi kesho?" Èyíinì ni pé, ṣé o ó padà wá lọ́la? Àwọn ọmọ tí ó ti tó ọdún mẹ́wàá kì í béèrè rẹ̀ mọ́.

Àwọn ará Swahili ní òwe kan tí ó wúlò níhìn-ín: àlejò ọjọ́ méjì ni, ní ọjọ́ kẹta, gbé ọkọ́ fún un. A rí àwọn tí ó gba ọkọ́. Olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun láti kọ́ wọn ní ìṣirò, kì í mú nǹkan lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tí ó kọrin fún un. Òun ni àwọn ọmọ máa ń dúró dè lẹ́nu géètì. Ní ti fọ́tò, òfin ààbò ìròyìn ara ẹni tí Kẹ́ńyà ṣe ní 2019 béèrè pé kí òbí tàbí alágbàtọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni tó lo ìròyìn nípa ọmọdé; ẹni tí ó bá lọ síbẹ̀, kí ó fi kámẹ́rà sílé.

Ọjọ́ ìgbafẹ́ kò pọ̀ lọ́dún, nítorí owó bọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó bá sì dé, oorun kì í kun ẹnikẹ́ni lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ó kéré tán ọmọ mẹ́ta a sì bì lójú ọ̀nà. Ọgbà ẹranko Nairobi, tí a dá sílẹ̀ ní 1946, kò jìnnà sí àárín ìgboro. Inú rẹ̀ ni ilé àwọn ọmọ erin tí ìyá wọn kú wà, èyí tí Daphne Sheldrick dá sílẹ̀ ní 1977 ní ìrántí ọkọ rẹ̀. A bá àwọn ọmọ wa lọ síbẹ̀. Ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àwọn ọmọ erin a sáré jáde wá mu wàrà nínú ìgò ńlá, àwọn ọmọ ènìyàn a sì máa pariwo ayọ̀.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ti ń tọ́jú erin. Olùtọ́jú a máa sùn ti ọmọ erin ní alẹ́ kí ó má baà dá wà. Wọn a máa pààrọ̀ ẹni tí ń sùn tì í, kí ọkàn rẹ̀ má baà so mọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Sheldrick ti rí ọmọ erin tí ó kú nítorí pé òun nìkan ni ó mọ̀, tí òun sì rìnrìn-àjò. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í tọ́ ọ kí ó lè wà lọ́dọ̀ ènìyàn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ wọn a kó o lọ sí Tsavo, kí ó lè bá àwọn erin inú igbó ṣe ẹbí, kí ó sì bá wọn lọ. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn tí a mú lọ béèrè pé, ta ni ń yan ẹbí tí erin ń bá lọ? Olùtọ́jú náà ní àwọn erin fúnra wọn ni. Ọmọ náà kò tún sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ọmọ náà ní ìyá àgbà. Abúlé obìnrin náà kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ nínú ọkọ̀. Ebi àti owó ìwé ni ó gbé ọmọ dé ilé ìtọ́jú. Ikú gbogbo ẹbí kọ́. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú àwọn ilé wọ̀nyí, ìjọba Kẹ́ńyà sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 2017 ni wọ́n dáwọ́ fífi orúkọ ilé ìtọ́jú tuntun sílẹ̀ dúró. Ní 2022 ni wọ́n ṣe òfin ọmọdé tuntun rọ́pò ti 2001, tí wọ́n sì gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá kalẹ̀ láti dá àwọn ọmọ padà sọ́dọ̀ ìdílé. Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Ọmọ tí a dá padà sílé tí kò sí oúnjẹ yóò tún jáde.

Ohun tí Nyumbani ṣe ní 2006 nìyí: wọ́n bẹ̀rẹ̀ abúlé kan ní Kitui, tí ètò rẹ̀ jẹ́ fún bí ọmọ 1,000 àti bí àgbàlagbà 100. Àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn ti kú ni a fún ní ilé, tí a sì kó àwọn ọmọ òrukàn tì, tiwọn àti ti ẹlòmíràn, pẹ̀lú oko tí wọn yóò máa ro. Nyanya ni wọ́n ń pe ìyá àgbà ní Swahili. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń pe tòmátì, àwọn ọmọ a sì máa fi ìyẹn dá àpárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ẹ̀yìn ọjà. Àbá tiwa ni pé kí ẹnikẹ́ni má tíì to búlọ́ọ̀kù kankan. Kí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ lọ láti agboolé dé agboolé, kí a mọ iye ọmọ tí òbí wọn ti kú, ọ̀dọ̀ ta ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé, àti ohun tí onítọ̀hún ṣe aláìní. Bí a bá rí ọmọ tí kò ní ẹnikẹ́ni rárá, kí a wá ìdílé tí yóò gbà á, kí ẹgbẹ́ máa san owó ìwé àti oúnjẹ rẹ̀. Owó tí a ó fi gbé ògiri ró ni ìyá àgbà mélòó yóò fi tọ́ ọmọ fún ọdún mélòó? Kí akápò ṣírò rẹ̀ fún wa. A ti fi ìwé kan sọ́wọ́ akọ̀wé láti òní lọ, ojú ewé kan fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn aṣojú àdúgbò bá a rí kí wọ́n tó padà sílé lónìí.