Ẹ Kọ́kọ́ Fọ Nẹ́ẹ̀tì Yín Ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò ní Challenge, n'Ìbàdàn níbí, tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ti dá yín dúró, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀, ìyẹn ò ní kí epo tètè tán. Ẹ̀yin ìyá wa tẹ́ ẹ ti pàtẹ ní ọjà Bódìjà, ẹ ó tà á jèrè.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣèlérí pé lónìí la máa sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ nínú ilé: èwo ló bá èwo mu, èwo ló ń bá èwo jà, kí ilé lè rẹwà fún ọdún Àjíǹde láìjẹ gbèsè. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ọ̀hún nìyí níwájú mi, ojú ìwé méjì gbáko. A máa dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àtẹ̀jíṣẹ́ yín pọ̀, ọ̀kan nínú wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi.

Ìyá kan ní Agbowó ló fi í ránṣẹ́. Ó ní òun gba ìmọ̀ràn mi lọ́dún tó kọjá, òun lọ sí ọjà Gbági Tuntun, òun ra aṣọ kọ́tìnì funfun báláú, òun gbé e fún télọ̀, òun sì fi í kọ́ ní ọjọ́ Ẹtì Rere. Ọjọ́ Ajé ọdún ò tíì pé tí ìsàlẹ̀ kọ́tìnì fi di aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ní ẹni tó ta aṣọ fún òun ló gbé gbàrọgùdù lé òun lọ́wọ́, kí n bá òun kìlọ̀ fún wọn lórí afẹ́fẹ́.

Màmá, ẹ má bínú sí mi o. Mi ò ní kìlọ̀ fún aláṣọ kankan. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún yín: ìgbà wo lẹ fọ nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yín gbẹ̀yìn?

Ẹ dákẹ́, àbí? Mo mọ̀.

Ṣẹ́ ẹ rí i, eruku ọyẹ́ tó ń wọ ìlú wa láti oṣù kejìlá títí di oṣù kejì, ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀, Bodélé ló ti gbéra, ní ilẹ̀ Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan gbẹ sí láyé àtijọ́. Ó rìn, ó rìn, ó dé Agbowó, ó rí nẹ́ẹ̀tì, ó jókòó. Kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá fẹ́ dé, ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Ìjì á gbọn eruku yẹn sínú ilé, òjò á rin nẹ́ẹ̀tì, omi pupa á máa ro sí etí kọ́tìnì. Ẹni tó bá gbé kọ́tìnì tuntun kọ́ sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ìdọ̀tí, asẹ́ olówó gọbọi ló rà. (Kí ìyá Agbowó má bàa rò pé mo kàn ń bú òun: ẹrẹ̀ ara kọ́tìnì yẹn, ẹ jẹ́ kó gbẹ ná, ẹ gbọn ọ́n dànù, kẹ́ ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ. Bẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ gbo ó ní tútù, ṣe lẹ ń tì í wọnú òwú.)

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ọ̀ṣọ́, nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ṣe é yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja, ẹ fi omi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án, ẹ gbé e ti ògiri kó gbẹ. Bó bá jẹ́ èyí tí káfíńtà kàn mọ́ férémù, ẹ tẹ́ àkísà tútù sí ẹsẹ̀ fèrèsé kó lè gba eruku, kẹ́ ẹ máa gbọn ọ́n jẹ́jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kànrìnkàn irin gbo ó! Yíya ló máa ya, ẹ̀fọn tí òjò ń kó bọ̀ ò sì nílò ju ihò kan lọ.

Àwọn kan á ní, “Ṣé òjò ti máa dé nígbà ọdún ni?” Ó lè dé, ó lè má dé. Ọdún Àjíǹde ò lójú kan. Ọjọ́ Ìsinmi tó bá tẹ̀lé òṣùpá àrànmọ́jú àkọ́kọ́ láti 21 oṣù kẹta ni wọ́n ń ṣe é, ìdí nìyẹn tó fi lè bọ́ sí ọjọ́kọ́jọ́ láàárín 22 oṣù kẹta sí 25 oṣù kẹrin. Ní 2024, 31 oṣù kẹta ni, inú oṣù Ràmàdáánì. Àwọn Mùsùlùmí ń gbààwẹ̀, àwa ń jẹ ìrẹsì, a sì ń gbé tiwọn dè wọ́n di àṣálẹ́. Ní 2025, ó di 20 oṣù kẹrin, òjò ti ń fọn fèrè.

Bàbá kan ní Ring Road fi ẹjọ́ ìyàwó rẹ̀ sùn. Ó ní ìgbálẹ̀ ni ìyàwó òun fi ń gbọn fáànù òkè, gbogbo eruku á wá já sórí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá, ẹ̀yin náà kúkú lọ́wọ́. Ẹ wá aṣọ ìrọ̀rí àlòkù kan, ẹ ki apá fáànù bọ inú rẹ̀, ẹ fọwọ́ méjèèjì dì í mú lókè àti nísàlẹ̀, ẹ fà á bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú àpò yẹn ni eruku máa wà. Ẹ pa fáànù kẹ́ ẹ tó gun àga o. Bí NEPA bá tiẹ̀ ti mú iná lọ, ẹ pa á náà ni, torí wọn kì í sọ fún wa ká tó rí wọn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ẹ̀ ń kun ògiri tó ń fa omi, ẹ wá ń bú ọlọ́dà. Bí òrùlé bá ń jò, ẹ pe ẹni tó máa dí i, kí ògiri gbẹ, kẹ́ ẹ tó kùn ún. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní ju òjò méjì lọ tí á fi máa wú, tí á máa ṣí. Ẹ fi owó ọ̀dà ra adìẹ.

Ó yá, ọ̀ṣọ́ gan-an. Arábìnrin kan ní Dùgbẹ̀ ní òun fi mọ̀rìwò ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ṣe ẹnu ọ̀nà òun lọ́ṣọ̀ọ́, aládùúgbò kan bá bi òun léèrè bóyá òun ti ń bọ Ògún. Mo rẹ́rìn-ín títí. Òótọ́ ni, mọ̀rìwò ti wà lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́ kí ṣọ́ọ̀ṣì tó dé. Aṣọ Ògún ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ yìí kan náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń jù sókè lọ́jọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Àwọn Kátólíìkì tiẹ̀ máa ń tọ́jú u di ọdún kejì, wọ́n á sun ún di eérú tí àlùfáà fi ń sàmì síni níwájú orí ní Ọjọ́rú Eléérú. Ẹ pe aládùúgbò yín kó wá jẹun lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ ọdún, á gbàgbé Ògún.

Ibi tẹ́ ẹ ti ń ṣì í ni pé ẹ̀ ń fún mọ̀rìwò mọ́ inú ọ̀rá, ọjọ́ kẹta ẹ yọ ọ́, ó ti ká jọ. Inú omi ni kẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ sí bẹ́ ẹ bá ti délé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ hun ún, ẹ hun ún nígbà tó ṣì rọ̀. Ẹ má sì gbé e kọ́ sókè àbẹ́là tàbí sítóòfù. Tó bá ti gbẹ, kíákíá ló ń gbiná.

Télọ̀ àdúgbò yín ní àpò àjákù aṣọ kan lábẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ tọrọ rẹ̀. Ẹ gé e ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ rán an mọ́ okùn, ẹ fà á láti igun pálọ̀ kan dé èkejì. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tí ìyá rẹ̀ fi àdìrẹ Ìbàdàndùn sílẹ̀ fún, èyí tí wọ́n ya òpó gbọ̀ngàn Mápó sí lára, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, kí ló ń fi í ṣe nínú àpótí? Ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Ẹ kọ́kọ́ fọ òun nìkan o, torí aró lè ràn mọ́ aṣọ funfun àlejò, ẹjọ́ á tún dé.

Mo rí ehoro oníke ní ṣọ́ọ̀bù kan. Iye tí wọ́n pè é, mo ní ṣé ó ń sọ̀rọ̀ ni? Àwọn òyìnbó ló ń fi ehoro àti ẹyin ṣọdún yìí, ìgbà yẹn sì ni yìnyín wọn ń lọ tí ewé ń rú. Ní Jámánì, wọ́n ń so ẹyin rọ̀ sára igi. Àwa ò ní yìnyín, ṣùgbọ́n a ní èèpo àlùbọ́sà, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló sì wà ní ọjà Bódìjà. Ẹ kó èèpo gbígbẹ yẹn, ẹ fi bo ẹyin nínú ìkòkò omi, ẹ sè é. Ẹyin á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú omi náà kó tutù. Bẹ́ ẹ bá fi ewé kékeré kan lé e lára kẹ́ ẹ tó sè é, tẹ́ ẹ fi àkísà nẹ́ẹ̀tì tó ti ya wé e pinpin, ojú ewé yẹn á mọ́ sára ẹyin, ọgbọ́n àdìrẹ náà ni. Àwọn ọmọ á fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ bó o jẹ.

Mo ní nẹ́ẹ̀tì tó ti ya o. Ẹ má lọ gé èyí tó wà lójú fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ wá ńkọ́? Ẹni tó ń bá wa ṣe ẹ̀rọ ti ń nàka sókè lẹ́yìn gíláàsì, ìṣẹ́jú kan ló kù. Kò burú. Ẹ wo àga ńlá tẹ́ ẹ ò lówó láti pààrọ̀ ní pálọ̀ yín, ẹ mú àwọ̀ rẹ̀, ẹ wá nǹkan kéékèèké méjì míì tó ní àwọ̀ yẹn, ẹ fi funfun kún un. Ẹ má fi àwọ̀ míì kún un. Ojú ìwé kejì ṣì wà lọ́wọ́ mi, a ó kà á lẹ́yìn ọdún, bẹ́ ẹ bá jẹ́ kí n ráyè. Ìròyìn ló kàn.