Ìgbèkùn Ogun àti Ohun Tó Ń Gbẹ̀yìn Rẹ̀: Ẹ̀rí Àjàyí Ará Òṣoògùn

Nínú àwọn ogun tó jà nílẹ̀ Yorùbá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìgbèkùn, ìyẹn ipò ẹni tí ogun kó, kò mọ sọ́dọ̀ jagunjagun nìkan, nítorí pé nígbà tí ìlú bá fọ́, obìnrin àti ọmọdé ni ọwọ́ àwọn ológun máa ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ìrètí tó kù fún òǹdè, ẹni tí wọ́n dè lókùn bẹ́ẹ̀, ni ìràpadà, èyí tí í ṣe pé kí ará ilé rẹ̀ wá a kàn, kí wọ́n sì fi owó ẹyọ gbà á padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ lọ sí etí òkun ni ìrètí náà ń tán lọ.

Àjàyí, ẹni tí ayé wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther, kọ lẹ́tà kan ní 1837 tó fi ròyìn bí ogun ṣe kó Òṣoògùn ní 1821, tí wọ́n fi okùn so òun àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́rùn pọ̀ títí dé Ìsẹ́yìn. Ẹṣin ni wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ọmọ náà níbẹ̀, nígbà tí ẹṣin ọ̀hún kò sì tẹ́ni lọ́rùn, wọ́n dá ọmọ padà. Nígbà tó yá tó gbọ́ pé wọn yóò ta òun fún àwọn Potogí, tí Yorùbá ń pè ní Àgùdà, ó gbìyànjú lóru láti fi ọ̀já ara rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn, nítorí ó mọ̀ pé ìràpadà kì í kọjá omi òkun.

Wọ́n tà á fún wọn níkẹyìn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ Potogí tó kó òun àti àwọn òǹdè mìíràn ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1822, síbẹ̀ ìbẹ̀rù kò tú wọn sílẹ̀: wọ́n rí ẹran tí wọ́n fi kọ́ nínú ọkọ̀, wọ́n rò pé ẹran ara àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni, wọ́n sì pe ọta àgbá ní orí èèyàn, àfi ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ẹran náà tí wọ́n rí pátákò ẹlẹ́dẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pe èyí ní ìwà òpè, nítorí pé ẹni tí gbogbo ọwọ́ tó ti kọjá ti tà kò lè mọ ọwọ́ olùgbàlà yàtọ̀.

Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n kó wọn lọ, láti ibẹ̀ ni àwọn kan sì ti padà wálé nígbà tó yá, àwọn tí a mọ̀ sí Sàró. Àjàyí dé Abẹ́òkúta ní 1846, Àfàlá ìyá rẹ̀ sì wá bá a ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìyá náà ń gbọ̀n, ó di ọmọ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì kò sì rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ, wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn sọ ohun tí ìgbèkùn jẹ́ ju gbogbo oyè tí Crowther jẹ lẹ́yìn náà lọ.

Ìwé tí àwọn akọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì fi ń ka àwọn tí a tú sílẹ̀ ní Freetown ṣì wà títí dòní: orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti ilà ara oníkálukú ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò kọ orúkọ ìyá.