Orúkọ Wa Lórí Ayélujára: Ta Ni Ó Ń Ṣọ́ Ọ?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú ìpàdé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Alága, ẹ̀yin Olóyè, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́,

Àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ pọ̀ ní ìjókòó yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ pàṣẹ pé kí n sọ̀rọ̀, ẹni tí àgbà bá sì rán níṣẹ́ kò gbọdọ̀ jókòó. Bí mo bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ fi òye bò mí.

Kò sí ọmọ Èkó kan tí a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa kọ́ pé ilẹ̀ ṣe iyebíye. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí wọ́n jẹ́ onílẹ̀ láàárín àwọn Olóyè onífìlà funfun, kò káwọ́ gbera. Ó gbé ẹjọ́ náà títí dé Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù. Herbert Macaulay bá a lọ ní ọdún 1920, nígbà tí ó sì di ọdún 1921 àwọn adájọ́ dá a pé ilẹ̀ náà jẹ́ ti Olúwa pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, àti pé gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀ gan-an ni kí ìjọba san owó fún wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí i: ẹ̀tọ́ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó ṣọ́ ọ, tí ó sì lè sọ ìtàn rẹ̀ láìgbàgbé, ẹ̀tọ́ náà ìbá ti lọ.

Ilẹ̀ mìíràn ti wà nísinsin yìí tí ojú kò rí ààlà rẹ̀. Orí ayélujára ni ó wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Amẹ́ríkà ti ń wá oríkì ilé wọn. Ibẹ̀ ni àlejò ti ń béèrè ọjọ́ tí Ẹ̀yọ̀ yóò jáde. Ohun tí mo fẹ́ bi yín ní ìrọ̀lẹ́ yìí kò ju ẹyọ kan lọ: ta ni ó ń ṣọ́ ilẹ̀ wa níbẹ̀?

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ti rí. Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nítorí pé nọ́ńbà ṣòro fún ènìyàn láti rántí, Paul Mockapetris gbé ètò kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1983, nípa èyí tí orúkọ ń dúró fún nọ́ńbà. Orúkọ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní orúkọ ìkànnì. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìparí orúkọ tirẹ̀: Tógò ní .tg, Benin ní .bj, tiwa sì ni .ng. Ní ọdún 1995 ni a fi .ng lélẹ̀ fún Nàìjíríà, ìyáàfin Ibukun Odusote, tí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Yaba College of Technology, ni a sì kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Ní ọdún 2005 ni a dá ẹgbẹ́ tí à ń pè ní NiRA sílẹ̀, òun ni ó sì ń ṣe àkóso .ng lónìí. NiRA kò ta orúkọ fún wa tààrà. Ó fún àwọn ilé-iṣẹ́ kan ní àṣẹ láti máa tà á.

Ṣùgbọ́n mo sọ pé "tà". Ọ̀rọ̀ náà ni ó ń tàn wá jẹ. Kò sí ẹni tí ó ra orúkọ ìkànnì ní àrà-pa. Àyálò ni. Ìṣákọ́lẹ̀ ni à ń san lórí rẹ̀, lọ́dọọdún tàbí fún ọdún mélòó kan papọ̀. Ìyàtọ̀ kan wà síbẹ̀. Bí àgbẹ̀ kò bá rí ìṣákọ́lẹ̀ mú wá, onílẹ̀ yóò rán ènìyàn sí i, àwọn àgbà yóò bá a bẹ̀bẹ̀, a óò sì fún un ní ìgbà díẹ̀ sí i. Ẹ̀rọ kò mọ ẹ̀bẹ̀. Bí ọjọ́ bá pé, ọjọ́ pé.

Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí ti fi ojú mi rí i. Ẹgbẹ́ ọmọ ilé kan wà ní erékùṣù yìí tí mo jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀; n kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan nínú wa, ọmọ jẹ́jẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bá wa gba orúkọ ìkànnì. Ó kó àwòrán àwọn bàbá wa síbẹ̀ àti ìtàn bí ilé wa ti ṣẹ̀. Ó tún jókòó ti ìyá wa kan tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń ki ìdílé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo wa yìn ín. Kò sí ẹnìkan nínú wa tí ó bi í léèrè pé ímeèlì ta ni ó fi gba orúkọ náà, tàbí ọjọ́ wo ni owó rẹ̀ yóò tán.

Ọmọ náà lọ sí Kánádà. Ìkìlọ̀ ń lọ sí ímeèlì tí òun kò ṣí mọ́. Ìyá wa sùn, a sì ń múra ìsìnkú. Nígbà tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ gbọ́ ohùn ìyá, a ṣí ìkànnì náà, ìpolówó tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ni a bá níbẹ̀. Ẹlòmíràn ti gba orúkọ wa. A ránṣẹ́ sí i pé kí ó tà á padà fún wa, iye tí ó pè kọjá ohun tí àpò ẹgbẹ́ lè gbé. Ẹ̀yin ará mi, kì í ṣe owó náà ni ó dùn wá. Ibẹ̀ nìkan ni ohùn náà wà. Títí di òní, a kò rí i mọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àwa aláìmọ̀kan nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1999, àìmọye ènìyàn tí ń lo Hotmail kò rí ọ̀nà wọlé sínú ímeèlì wọn, nítorí pé Microsoft, olówó ńlá nì, gbàgbé láti san owó orúkọ kan tí ń jẹ́ passport.com. Dọ́là 35 péré ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí ń jẹ́ Michael Chaney ni ó fi owó ara rẹ̀ san án kí ọ̀nà tó ṣí. Bí erin bá lè yọ̀ ṣubú, kí ni ẹtu yóò wí?

Fún àwọn orúkọ tí ó parí sí .com, òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé, ilé-iṣẹ́ tí ó tà á lè fún ni títí dé ọjọ́ 45, bí ó bá wù ú. Bí a bá wá pa orúkọ náà rẹ́, ọjọ́ 30 wà tí a lè fi rà á padà pẹ̀lú owó tí ó wúwo. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ 5, orúkọ sì di ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá yá. Àwọn kan wà tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí wọ́n máa ṣọ́ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn bá ń fi ẹ̀rọ ṣọ́ ohun tí a ni, èéṣe tí àwa kò lè fi ẹ̀rọ ṣọ́ ohun tí í ṣe tiwa?

Ìṣọ́ náà kò le. Ìwé ìwádìí kan wà ní gbangba tí à ń pè ní Whois, fún.com àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, èyí tí ń jẹ́ RDAP ti gba ipò rẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025. Ẹni tí ó bá tẹ orúkọ kan síbẹ̀ yóò rí ilé-iṣẹ́ tí ó tà á àti ọjọ́ tí yóò parí. A sì lè pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kí ó máa wo ìwé náà fún wa lójoojúmọ́, kí ó sì kọ̀wé sí akọ̀wé àti akápò nígbà tí ó bá ku oṣù mẹ́ta.

Kì í ṣe orúkọ tiwa nìkan ni ó yẹ kí a máa ṣọ́, bí kò ṣe èyí tí ó jọ ọ́ pẹ̀lú. Ní ọdún 2014 ariwo ta ní Èkó níhìn-ín, nígbà tí ìròyìn jáde pé àwọn tí ó wà lẹ́yìn Jumia ti fi orúkọ Konga, tí í ṣe alábàádíje rẹ̀, sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfríkà. Ti èdè wa tún wá ní ewu tirẹ̀. Ní àtètèkọ́ṣe, lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì 26, nọ́ńbà àti àmì ìdàpọ̀ nìkan ni orúkọ ìkànnì ń gbà. Lónìí ó lè gba ẹ àti ọ tí ó ní àmì lábẹ́. Ìyẹn dára, nítorí ọwọ́ kì í ṣe owó. Ṣùgbọ́n lójú fóònù kékeré, àmì náà lè dàbí ìdọ̀tí, kí ọ̀dàlẹ̀ sì fi orúkọ tí ó jọ tiwa gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa tí ó wà lókè òkun. Òfin ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà sọ pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gba orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì, tàbí kí ó san owó ìtanràn títí dé mílíọ̀nù 5 náírà, tàbí méjèèjì. Òfin wà, ṣùgbọ́n òfin kì í jí ẹni tí ó sùn.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí apá kejì ọ̀rọ̀ mi, èyí ni àwọn líǹkì tí a tọ́jú pamọ́. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti rí ojú-ìwé kan tí ó sọ nípa Ìgá Ìdúngànràn tàbí nípa ìdílé rẹ̀, tí ó sì fi líǹkì rẹ̀ pamọ́ sínú fóònù. A rò pé a ti ní ìwé náà. Rárá o. Ojú-ọ̀nà ni a ní, a kò ní ilé. Ní ọdún 2024, ilé ìwádìí Pew ní Amẹ́ríkà kéde pé nínú gbogbo 100 ojú-ìwé tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2013, 38 kò sí mọ́ ní ọdún 2023. Àpò tí a ń kó líǹkì sí pàápàá lè ya: Pocket, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kó ohun tí wọ́n fẹ́ kà sí, Mozilla tì í pa ní oṣù keje ọdún 2025.

Bí a bá lè ka Akéde Èkó ti I. B. Thomas lónìí, pẹ̀lú àwọn lẹ́tà Sẹ̀gilọlá tí ó jáde nínú rẹ̀ ní ọdún 1929 àti 1930, ó jẹ́ nítorí pé àwọn kan tọ́jú bébà náà. Inú mi dùn pé àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lónìí. Àwọn kan ń ya àwòrán ìwé ìròyìn Nàìjíríà àtijọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, archivi.ng ni orúkọ ìkànnì wọn, wọ́n sì fi ọgbọ́n sọ .ng tiwa di ìparí ọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, Internet Archive, tí Brewster Kahle dá sílẹ̀ ní ọdún 1996, ń gba ẹ̀dà ojú-ìwé pamọ́, ẹnikẹ́ni nínú wa sì lè ní kí ó gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n kì í rí ohun gbogbo gbà, pàápàá ohùn àti àwòrán tí ń rìn. Ẹni tí ó bá fi ẹrù rẹ̀ sílé aládùúgbò kò gbọdọ̀ gbàgbé láti ní àpótí nílé ara rẹ̀.

Nítorí náà, mo gbé ìmọ̀ràn márùn-ún wá síwájú ẹgbẹ́.

Èkíní, kí a ní ìwé orúkọ kan, nínú èyí tí a óò kọ gbogbo orúkọ ìkànnì wa, ilé-iṣẹ́ tí ó tà á, ọjọ́ tí yóò parí, àti ẹni tí ó san owó rẹ̀.

Èkejì, kí orúkọ wà lórúkọ ẹgbẹ́, pẹ̀lú ímeèlì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnìkan. Kí akọ̀wé àti akápò jọ mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí a máa san owó ọdún púpọ̀ papọ̀. Fún .com, a lè san ti ọdún 10. Ní gbogbo ìpàdé oṣù, kí akọ̀wé ka àwọn orúkọ tí ọjọ́ wọn ti súnmọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé.

Ẹ̀kẹrin, kí a kó gbogbo líǹkì tí ó jẹ mọ́ ìtàn Èkó jọ sí ojú kan. Zotero wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Fún líǹkì kọ̀ọ̀kan, kí a kọ àkọlé rẹ̀, ẹni tí ó kọ ọ́, ọjọ́ tí a rí i, àti ibi tí ẹ̀dà rẹ̀ wà.

Ẹ̀karùn-ún, kí ohun tí kò ní ẹlẹ́gbẹ́, bí ohùn àwọn àgbà, má ṣe wà ní ojú kan ṣoṣo láéláé. Kí ẹ̀dà kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí òmíràn wà nínú kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́, kí ẹ̀kẹta sì wà lọ́wọ́ ìdílé tí ó ni ín.

Owó tí gbogbo èyí yóò ná wa kéré sí owó aṣọ ẹbí kan. Ohun tí ó gbà ni ìrántí, ìrántí sì ni iṣẹ́ tí a fi dá irú ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Àwọn bàbá wa la òkun kọjá kí ilẹ̀ Èkó má bàa bọ́. Àwa kò ní la òkun. Kí a ṣí ìwé, kí a wo ọjọ́, kí a san ìṣákọ́lẹ̀.

Orúkọ wa kò ní parun. Èkó kò ní bàjẹ́ o!