Ekòló Inú Pápá Bọ́ọ̀lù



Ní àsìkò òjò, bí ẹ bá dé pápá bọ́ọ̀lù láàárọ̀, kí lẹ máa ń rí? Ìgbẹ́ ekòló ni, òkìtì wẹ́wẹ́ káàkiri orí koríko. Àwọn ọmọ á sáré gba orí rẹ̀, á di ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ á bo koríko títí yóò fi kú. Ẹnì kan á wá ní: "Oògùn òwú kù díẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ ká dà á síbẹ̀."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dà á o! Oògùn yẹn kò mọ ekòló, kò mọ ènìyàn. Ẹsẹ̀ lásán làwọn ọmọ fi ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Adìẹ ń ṣa ekòló jẹ, àwa náà sì ń jẹ adìẹ. Ní orílẹ̀-èdè wa yìí, ní agbègbè Borgou, oògùn òwú tí wọ́n ń pè ní endosulfan pa ènìyàn ní ọdún 1999. Àwọn tó ń tọ́jú pápá gọ́ọ̀fù ní Amẹ́ríkà náà ti fi oògùn chlordane pa ekòló rí. Ó lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún 20 lọ. Ìjọba wọn fòfin dè é ní 1988.

Kí wá ni ṣíṣe? Ilẹ̀ tútù àti ewé jíjẹrà ni ekòló fẹ́. Bí ẹ bá gé koríko, ẹ kó èyí tí ẹ gé kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, oúnjẹ lẹ gbé fún un yẹn. Ẹ la ọ̀nà fún omi kó má dúró. Yanrìn tí òjò ń wọ́ wá láti ara àwọn òkè Dassa, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ jọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sórí koríko. Kì í gba omi dúró, a sì máa ha ekòló lára.

Èyí tó ṣòro jù ni sùúrù. Ẹ má tẹ ìgbẹ́ náà nígbà tó ṣì tutù. Ẹ jẹ́ kí oòrùn pa á gbẹ, kẹ́ ẹ tó fi ìgbálẹ̀ tàbí ọ̀pá ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ gbá a káàkiri. Á fọ́ lẹ́búlẹ́bú, á sì wọ inú koríko. Bọ́ọ̀lù àárọ̀ á di ti ìrọ̀lẹ́ nìyẹn. Àwọn ọmọ á kùn, ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn.

Ẹ má sì rò pé ẹ ó lé ekòló tán. Ihò rẹ̀ ni òjò ń gbà wọlẹ̀. Bó bá dí, omi á dúró sórí pápá. Ní 1890, Alvan Millson, òyìnbó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó, kọ̀wé nípa bí ekòló ṣe ń sọ ilẹ̀ Yorùbá dọ̀tun. Ìgbẹ́ tó bá pọ̀ jù, ẹ kó o lọ sí ìdí ata àti tòmátì yín.