Ẹni Tí Ó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ àti ọmọ ẹgbẹ́ ní agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀



Láti Ọ̀wọ̀ dé Ìpèlé, láti Ifọ̀n dé Ìdóàní, ó ṣòro kí ènìyàn mẹ́ta jókòó pọ̀ kí wọ́n má ráhùn nípa iná mànàmáná tí kò tàn, omi ẹ̀rọ tí kò yọ, ọ̀nà tí ó bàjẹ́, tàbí owó ìfẹ̀yìntì tí kò jáde. Àròyé pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀sùn kò tó nǹkan. Àròyé ni ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ fún ẹni tí kò lè tún nǹkan ṣe. Ẹ̀sùn ni ọ̀rọ̀ tí a kọ sílẹ̀, tí a sì gbé lọ síwájú ẹni tí òfin fún ní àṣẹ láti wádìí rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ mọ̀.

Kì í ṣe òní ni ayé ti ń wá ẹni tí yóò máa gbọ́ ẹ̀sùn àwọn tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá rẹ́ jẹ. Àwọn ìjọba Mùsùlùmí àtijọ́ ní ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Mazalim, níbi tí tálákà ti lè pe aláṣẹ lẹ́jọ́. Al-Mawardi, onímọ̀ tí ó kú ní ọdún 1058, ṣe àlàyé rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀. Ní ọdún 1713, Ọba Charles Kejìlá ti ilẹ̀ Sweden, tí ó ti sá wọ ilẹ̀ àwọn Tọ́kì lẹ́yìn tí àwọn ará Rọ́ṣíà ṣẹ́gun rẹ̀ ní Poltava, pàṣẹ láti ibẹ̀ pé kí a yan ẹnìkan tí yóò máa ṣọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ nílé. Ní ọdún 1809 ni àwọn ará Sweden gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé ọwọ́ ẹni tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn yàn. Ombudsman ni orúkọ tí wọ́n ń pè é, èyí tí í ṣe aṣojú. Orúkọ náà sì ti tàn káàkiri ayé.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ìjọba ológun Ọ̀gágun Murtala Muhammed ni ó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1975. Òfin náà dá Public Complaints Commission sílẹ̀, èyí tí a lè pè ní Àjọ Tí Ń Gbọ́ Ẹ̀sùn Ará Ìlú. Alhaji Yusuf Maitama Sule ni Kọmíṣánnà Àgbà àkọ́kọ́. Ìjọba lọ, ìjọba bọ̀, òfin náà kò kú. Abala 315 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 dárúkọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin tí a kò lè fi wẹ́rẹ́ pa rẹ́. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ ni ó ń yan àwọn kọmíṣánnà rẹ̀, kí aláṣẹ kankan má baà máa darí wọn. Àkúrẹ́ ni ọ́fíìsì tí ó wà fún ìpínlẹ̀ Oǹdó wà.

Agbára àjọ yìí gbòòrò. Ó lè wádìí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, ti ìjọba ìbílẹ̀, àti ti àwọn ilé iṣẹ́ tí a forúkọ wọn sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ìbáà ṣe ti aládàáni. Nítorí náà, ilé iṣẹ́ tí ń pín iná mànàmáná wà lábẹ́ rẹ̀. Ó lè béèrè fáìlì, ó sì lè fi ìwé pe ẹni tí ó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ náà. Kò sì gba owó lọ́wọ́ olùfisùn.

Bí ẹ̀sùn bá dé, àjọ náà kì í dájọ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Yóò kọ̀wé sí ọ́fíìsì tí a fi sùn, yóò sì gbọ́ tẹnu wọn. Lẹ́yìn ìwádìí, ó lè dámọ̀ràn pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, kí wọ́n yí ohun tí wọ́n ṣe padà tàbí kí wọ́n fagi lé e, kí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìlànà tí ó fa ìyà, tàbí kí wọ́n sọ ìdí kíkún tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Níbí ni ó yẹ kí a ti fetí sílẹ̀: ìmọ̀ràn ni, kì í ṣe àṣẹ ilé ẹjọ́. Àjọ náà kò lè fi ipá mú ọ́fíìsì kankan san owó tàbí tan iná. Ohun tí ń fún ìmọ̀ràn rẹ̀ lágbára ni ẹ̀rí. Ọwọ́ olùfisùn fúnra rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹ̀rí náà ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni kí olùfisùn mọ̀.

Èkíní, kí ó mọ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ sí Ifọ̀n títí dé Benin, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwòsàn ńlá Federal Medical Centre tí ó wà ní Ọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà, ibùdókọ̀ àti kíkó ìdọ̀tí, ìwé òfin gbé wọn lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Nítorí náà, ó tọ́ kí ará ìlú béèrè ohun tí wọ́n fi owó náà ṣe.

Èkejì, kí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn náà kan ọ́fíìsì tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ó sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé rẹ̀ tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù. Àjọ náà lè kọ ẹ̀sùn ẹni tí kò tíì gba ọ̀nà tí ó wà nílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó má jẹ́ kí ọdún kan kọjá lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, nítorí pé oṣù méjìlá ni òfin fi sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má gbé ohun tí ó ti wà níwájú ilé ẹjọ́ wá, kí ó má sì parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Irọ́ kan ṣoṣo a máa ba òtítọ́ mẹ́wàá jẹ́.

Ẹ wo bàbá kan tí ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n dá owó rẹ̀ dúró. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, kò sì mọ ọ́fíìsì tí ó yẹ kí ó lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń ṣàlàyé ìyà rẹ̀ fún àwọn tí ó wá kí i, wọ́n sì ń ṣe é ní pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́ kì í san owó. Oṣù méjìlá sì ń lọ. Ọ̀dọ́ kan tí ó kàwé lè jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́ kan, kí ó kọ orúkọ, déètì àti iye owó sílẹ̀, kí ó so ẹ̀dà ìwé ìfẹ̀yìntì rẹ̀ mọ́ ọn, kí ó sì bá a gbé e lọ.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú ẹ̀yin ọ̀dọ́ nìyẹn. Kí olúkúlùkù wá ẹnìkan ní àdúgbò rẹ̀ tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ há sí ọ́fíìsì, kí ó sì bá a kọ ìwé kan ṣoṣo kí oṣù yìí tó parí. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó mọ̀wé tí ó sì dákẹ́ ni ó pa tirẹ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.