Ìgbà Òtútù Tó Ń Ránṣẹ́ Sí Wa
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Minna, ìpínlẹ̀ Niger)

 

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ta sétí àwọn ojúgbà mi pé ewu ojú ọjọ́ ìgbà òtútù, létí òkun àti lórí òkè, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ló kan Minna nínú rẹ̀. Ìlú yìí jìnnà sí òkun, yìnyín kì í sì í bo òkè Paida. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ìgbà òtútù kò ní láti wọ ilé ẹni kó tó pa ẹni lára. Lọ́dọọdún ló ń ránṣẹ́ sí wa lẹ́ẹ̀mejì. Láàárín oṣù Bélú sí oṣù Ẹrẹ́nà, ó ń ti àríwá rán eruku sí wa. Láàárín oṣù Òkúdù sí oṣù Ọ̀wẹwẹ̀, ó ń ti gúúsù rán ìgbì sí àwọn èèyàn wa létí òkun. Àwọn méjèèjì ló ń pẹ́ lọ́nà kí wọ́n tó dé, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ń bá wa lójijì. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ká jọ wò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú eruku ọyẹ́. Bí ẹ bá bu díẹ̀ nínú èyí tó bà lé tábìlì yín lówùúrọ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, tí ẹ gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, ẹ óò rí i pé kì í ṣe iyẹ̀pẹ̀ lásán. Àwọn karawun wínníwínní wà níbẹ̀ tí ara wọn mọ́ bíi gíláàsì, tí wọ́n ní ihò tóótòòtó tí ẹni tó fara balẹ̀ lè kà. Karawun ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí kò níyọ̀ ni. Diatom ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Báwo wá ni ohun inú omi ṣe dé inú ọyẹ́? Bodélé ló ti wá, ní àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, adágún kan ló bo gbogbo ibẹ̀, tó gbòòrò ju 300,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Èyí tí a ń pè ní adágún Chad lónìí, èéfọ́ rẹ̀ ló kù. Omi gbẹ, àwọn karawun náà sì kù sílẹ̀ ní ìpele-ìpele, wọ́n fúyẹ́, wọ́n funfun.

Ibi tí òkè ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lókè Bodélé ni àwọn òkè Tibesti wà, tí ṣóńṣó rẹ̀ tó ga jù, Emi Koussi, lé ní 3,400 mítà. Lápá ìlà-oòrùn ni àwọn òkè Ennedi wà. Nígbà tí òtútù bá mú ní òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Líbíà, afẹ́fẹ́ tútù a wúwo, a sì máa ti ara rẹ̀ lọ sí gúúsù. Bó bá dé àárín òkè méjèèjì, ọ̀nà á fún un, eré rẹ̀ á sì pọ̀ sí i, inú Bodélé ló sì ń tú sí pẹ̀lú gbogbo agbára. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ́dún ni eruku ń dìde níbẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ a máa sọdá òkun Àtìláńtíìkì lọ bọ́ igbó Amazon. Àwa la wà lójú ọ̀nà.

Láti Bodélé dé Minna tó nǹkan bí 1,500 kìlómítà. Afẹ́fẹ́ tó ń sáré bí 40 kìlómítà ní wákàtí kan yóò lò tó ọjọ́ kan ààbọ̀ lọ́nà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ mọ èyí dunjú. Faya-Largeau ní Chad àti Bilma ní orílẹ̀-èdè Niger ni ojú wọn máa ń wà. Bí eruku bá bo Faya lónìí, wọ́n ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ ní Kano, wọ́n sì mọ̀ pé àwa náà wà lẹ́yìn Kano. Ìyẹn ni pé kí kùrukùru tó bo òpópónà Bida, ẹnìkan ti mọ̀ ní ọjọ́ kan ṣáájú, ó kéré tán.

Ẹ wo bí àwọn ọlọ́kọ̀ òfúrufú ṣe ń lo ìmọ̀ yìí. Bí ojú kò bá ríran tó 800 mítà, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ wa kò ní jẹ́ kí ọkọ̀ balẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ èèyàn ló kọ́ wọn ní irú òfin bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ní ọjọ́ 22 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1973, ọkọ̀ Boeing 707 kan ń kó àwọn alálàájì bọ̀ láti Jeddah. Èkó ló ń lọ, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ kò dára níbẹ̀, ló bá yà sí Kano. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kán bó ti ń balẹ̀, iná sì sọ. Èèyàn 176 ló kú. Lónìí, ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ òfúrufú ní Minna níbí, ní pápákọ̀ tí wọ́n sọ ní orúkọ Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, lè jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí ọyẹ́. Yóò bínú, yóò pariwo, ṣùgbọ́n yóò délé láàyè. Lójú títì ńkọ́? Tírélà tó ń ti Tegina bọ̀ wá sí Mokwa nínú kùrukùru, ta ló ń sọ fún un pé ó tó? Kò sí. Awakọ̀ á tan iná, á tẹ fèrè, á sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Èyí tó burú jù nínú iṣẹ́ ọyẹ́, ojú kì í rí i. Ẹ mọ bí ọjọ́ ṣe máa ń rí níbí: lóru, ìgbóná lè sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ 20 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán ó ti kọjá 33. Ọlọ́kadà tó wọ súẹ́tà jáde láàárọ̀ lẹ óò rí tó ń làágùn lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án. Ètè ń sán, àtẹ́lẹsẹ̀ ń là, a sì ń fi òrí pa á, òrí tí ìpínlẹ̀ yìí ní lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n bí ètè ṣe ń sán ni inú imú àti ọ̀fun náà ń gbẹ, tí eruku sì ń ha á. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìṣègùn gbà ni pé ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn yírùnyírùn, tí àwọn ará ibí ń pè ní sankarau, ti ń rí ọ̀nà wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń gbé kòkòrò náà kiri nínú ọ̀fun láì mọ̀. Ẹ wá fi ti òtútù kún un: a ti fèrèsé pa, a sùn mẹ́fà-mẹ́fà sí yàrá kan.

Ní 1963, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Lapeyssonnie, fi hàn pé ilẹ̀ kan wà tí àrùn yìí ti ń jà jù, tó nà gbọọrọ láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn Áfíríkà. Lónìí, láti Senegal títí dé Ethiopia ni wọ́n kà á sí, ìpínlẹ̀ Niger sì wà nínú rẹ̀. Ní 1996, ó lé ní 100,000 èèyàn tí àrùn náà mú ní Nàìjíríà, ó sì lé ní 11,000 tó kú. Oríṣi kòkòrò náà tó ń jẹ́ A ni ìgbà náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára MenAfriVac, tó bẹ̀rẹ̀ ní Burkina Faso ní 2010, tó dé Nàìjíríà ní 2011, ló lé e jáde. Àwa wá rò pé ó parí. Ní 2017, èyí tó ń jẹ́ C jà láti Zamfara, ìpínlẹ̀ wa yìí náà wà lára àwọn tó fara gbá, ó lé ní 1,100 èèyàn tó kú kí òjò tó dé. Ní 2024, Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo abẹ́rẹ́ tuntun tó ń dènà oríṣi márùn-ún pọ̀. Ìyẹn yẹ ní gbígbóríyìn fún, mi ò sì gbọ́ kí a gbóríyìn fún un tó.

Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé àwọn òyìnbó tó ń ṣòwò létí òkun láyé àtijọ́ ń pe ọyẹ́ ní dókítà. Ní 1781, Matthew Dobson, oníṣègùn kan ní Liverpool, kọ ìròyìn rẹ̀ sínú ìwé àwọn onímọ̀ ní London, ó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Norris tó ti gbé ní agbègbè Ouidah. Dobson yin ọyẹ́ dáadáa. Kò jẹ̀bi: létí òkun, níbi tí ooru àti ọ̀rinrin ti ń fìyà jẹ èèyàn, afẹ́fẹ́ gbígbẹ jọ ìwòsàn. Ká ní Minna ni Norris gbé ni, ìwé ọ̀tọ̀ ni Dobson ì bá kọ.

Iná ìgbà ọyẹ́ kò nílò àlàyé gígùn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, táńkà epo kan ṣubú ní oríta Dikko, lẹ́bàá Suleja nínú ìpínlẹ̀ yìí, àwọn èèyàn sì sáré lọ gbọ́n epo. Ó lé ní 80 tó jóná kú. Mi ò sọ pé ọyẹ́ ló dá a sílẹ̀. Ìṣẹ́ àti àìbìkítà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí bí koríko ṣe ń gbiná ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ mọ̀ pé kò sí oṣù tí ó burú tó o láti fi epo ṣeré.

Odò Ọya náà ní tirẹ̀. Àlejò a máa rò pé ìgbà òjò nìkan lodò ń kún. Òjò tó rọ̀ sórí àwọn òkè Guinea ní oṣù Ògún a máa rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gba inú àbàtà Mali kọjá, ẹrẹ̀ rẹ̀ á rọlẹ̀ síbẹ̀, omi tó mọ́ á sì dé adágún Kainji láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Èrèlé. Nítorí náà, ìgbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ jù, tí ìgbì ń jà lórí adágún, ni omi ń wọlé. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní ìdájí, nínú kùrukùru, láìwọ ẹ̀wù tó ń léfòó, ó ń fi ẹ̀mí rẹ̀ wéwu.

Ó ku ìránṣẹ́ kejì. Nígbà tí òjò ń rọ̀ níbí, ìgbà òtútù ló wà ní ìsàlẹ̀ ayé. Ìjì ńláńlá a máa jà lórí òkun tó wà ní gúúsù South Africa, títí dé ìhà Antarctica, lórí omi tí kò sí erékùṣù tó lè dá a dúró. Ìgbì tó bá dìde níbẹ̀ a máa rin bí 6,000 kìlómítà, ó lè lò tó ọ̀sẹ̀ kan, kó tó gbá etíkun Lomé, Cotonou àti Èkó. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé ojú sánmà lè mọ́ kedere lọ́jọ́ náà, kí afẹ́fẹ́ má fẹ́ rárá. Ní òwúrọ̀ Sátidé, ọjọ́ 18 oṣù Ògún 2012, òkun ru bo etíkun Kúrámọ̀ ní Èkó nígbà tí àwọn èèyàn ṣì ń sùn nínú ahéré wọn. Ìròyìn ní èèyàn 16 ló gbé lọ. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, òkun ti jẹ ilé àti ilé ìsìn ní Ayétòrò, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, tí gbogbo Nàìjíríà ń fi ṣàpẹẹrẹ ìṣọ̀kan nígbà kan. Kì í ṣe ìgbì ọ̀nà jíjìn nìkan ló ṣe é. Ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, ó sì ń rì, odi òkun tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀ tipẹ́ kò sì gbà wọ́n là. Síbẹ̀, lára ohun tó ń kan ilẹ̀kùn wọn ni ìjì tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí.

Àwọn ọmọ wa tún wà tí wọ́n ń lọ pàdé ìgbà òtútù nílé rẹ̀. Ní òru ọjọ́ 9 oṣù Èrèlé 2024, Herbert Wigwe, gbajúmọ̀ oníbáńkì ọmọ Nàìjíríà, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, àti Abímbọ́lá Ògúnbánjọ ọmọ Ìjẹ̀bú wọ hẹlikọ́pítà láti Palm Springs ní California, wọ́n ń lọ sí Nevada. Òjò àti yìnyín dà pọ̀ lórí aginjù Mojave lálẹ́ ọjọ́ náà. Awakọ̀ òfúrufú tó ń fi ojú lásán wa ọkọ̀ kò dúró, kò sì padà. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú ọkọ̀, kò sí èyí tó yè. Àwọn olówó ni wọ́n, wọ́n ní ohun gbogbo tí owó lè rà, ìròyìn ojú ọjọ́ sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ.

Ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Ìmọ̀ kò wọ́n wa. Láti 2003 ni òfin ti dá NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, sílẹ̀, wọ́n sì máa ń kéde bí eruku yóò ṣe rí fún ọjọ́ mẹ́ta tó ń bọ̀. Ní yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà nílùú yìí, láti 1983, àwọn onímọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ WASCAL tó wà níbẹ̀ ń gba akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ìyípadà ojú ọjọ́ àti ibùgbé ọmọ ènìyàn sì ni wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìkéde ojoojúmọ́ NiMet ń sọ, orí fóònù ló ń dúró sí, àwọn oníròyìn ló sì ń kà á. Ìyá tó ń ta àkàrà lẹ́nu gáréèjì kò gbọ́. Apẹja ní Kainji kò gbọ́. Èmi náà wà lára àwọn tó ń kọ ìwé tí ara wa nìkan ń kà, kí a tó dá ìjọba lẹ́bi.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ètò lórí rédíò ní Minna, láti oṣù Bélú títí di Ẹrẹ́nà, ẹ ya ìṣẹ́jú mélòó kan sọ́tọ̀ láàárọ̀ fún ìkéde eruku, ní èdè Gbagyi, Nupe, Hausa àti Yorùbá. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ awakọ̀, lọ́jọ́ tí ẹ kò bá rí òdìkejì gáréèjì yín, ẹ má tú ọkọ̀ sílẹ̀ títí oòrùn yóò fi là á. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní Ìlàjẹ àti ní Èkó, ẹ pè wọ́n ní oṣù Ògún, ẹ bi wọ́n bí òkun ṣe ń ṣe. Ẹ̀yin ìyá, ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lóru bí òtútù tilẹ̀ mú. Bí ara ọmọ bá gbóná láàárín oṣù Ọ̀pẹ sí Ìgbé, tí ọrùn rẹ̀ le, tí orí ń fọ́ ọ, tí kò fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi òrí pa á kí ẹ máa retí ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lóru ọjọ́ yẹn gan-an.