Oyè Tí Ó Tọ́ sí Agbẹ̀bí ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn olóyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun tàbí ìtàn àwọn ọba ni mo mú wá. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tí wọ́n gba gbogbo wa sí ayé ni, àti irú ọlá tí ó yẹ kí a fi dá wọn lọ́lá.

Àwọn baba wa wí pé, yínni yínni kí ẹni lè ṣe òmíràn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà mọ òwe yìí bí wọn kò tilẹ̀ mọ èdè wa. Ní ọdún 1881 ni àwọn agbẹ̀bí ìlú Lọ́ńdọ̀nù dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ní 1941 ẹgbẹ́ náà gba orúkọ Kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ní 1947 ọba wọn sì fún un ní orúkọ ọba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí a máa fi oyè ọmọ-ẹgbẹ́ àyẹ́sí dá àwọn ènìyàn lọ́lá. Ẹni tí a fi irú oyè bẹ́ẹ̀ jẹ kò jókòó ṣe ìdánwò fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni a wò, tí a fi wí pé, “Ìwọ náà jẹ́ ara wa.” Ọmọ wa kan jẹ irú oyè bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí í ṣe ìbátan iṣẹ́ agbẹ̀bí: Olóyè Kofoworọla Abẹní Pratt, ọmọ Èkó, tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Thomas ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1946, tí ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ní Ìbàdàn. Ní 1979, Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè ọmọ-ẹgbẹ́ dá a lọ́lá.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó ni a ti kọ́ àṣà yìí. Dókítà Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, gba ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ ní Dublin ní 1938, ó sì lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn Massey Street ní Èkó láàárín àwọn aboyún àti àwọn ìyá ọlọ́mọ. Àwọn ará Èkó kò bi í léèrè bóyá dókítà ni tàbí agbẹ̀bí. Wọ́n fi í jẹ Ìyá Àbíyè Èkó. Orúkọ náà kò pẹ́ lẹ́nu, ó sì tóbi ju ìwé-ẹ̀rí lọ: ìyá àwọn tí a bí tí wọ́n yè. Títí ó fi kú ní 1971 ni a fi orúkọ náà mọ̀ ọ́n.

Ọlá tí ó tún tóbi dé ní oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 2023. Ìgbìmọ̀ UNESCO tí ó pàdé ní ìlú Kasane ní Botswana kọ ìmọ̀ àti iṣẹ́ agbẹ̀bí sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ni wọ́n jọ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Nàìjíríà wà nínú wọn, Togo sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó yẹ kí a yọ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bèèrè pẹ̀lú pé, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ta ni ọlá náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin mọ ilẹ̀ yín jù mí lọ. Láti Atijẹ́rẹ́ títí dé Awóyè, omi ni ọ̀nà. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé dúró sí, a sì ń fi àjẹ̀ àti ẹ̀ńjìnnì wọn ìrìn àjò. Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gba ilé lọ́wọ́ onílé. Bí ìrọbí bá mú obìnrin ní ọ̀gànjọ́ òru, tí afẹ́fẹ́ sì ń jà lórí omi, Igbókòdá a jìnnà sí i bí ìlú òkèèrè. Ẹni tí ó súnmọ́ ọn ni ìyá agbẹ̀bí agbolé, tàbí ìyá agbẹ̀bí ilé àdúrà. Kì í ṣe ní Ìlàjẹ nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2018, nínú 100 ọmọ tí a bí ní Nàìjíríà, bí 39 péré ni a bí sí ilé ìwòsàn. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú 100,000 ọmọ tí a bí láàyè, ìyá 512 ni ó bá ọ̀ràn ìbímọ lọ.

Kí ni ó ń pa wọ́n? Ìsun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ wà lára èyí tí ó burú jù. Ó lè pa obìnrin tí ara rẹ̀ le láàárín wákàtí méjì. Abẹ́rẹ́ tí ń mú ilé-ọmọ sunkì wà, ṣùgbọ́n ibi tútù ni a gbọ́dọ̀ tọ́jú èyí tí a ń lò jù sí, kò sì sí nínú àpò ìyá agbẹ̀bí wa. Nítorí náà, àsìkò ni oògùn tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀. Ní 1994, àwọn onímọ̀ méjì, Thaddeus àti Maine, ṣàlàyé pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa aboyún: ìdádúró kí a tó pinnu láti wá ìrànlọ́wọ́, ìdádúró lójú ọ̀nà, àti ìdádúró ní ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀. Ìjọba ni kí ó wo ìdádúró kẹta. Àwa àti ìjọba ni kí a jọ wo ti ojú omi. Ṣùgbọ́n ìdádúró kìn-ín-ní, inú ọkàn ni ó wà, òun sì ni mo fẹ́ kí a rò dáadáa.

Ẹ wo bí a ti ń yin agbẹ̀bí wa. A ń wí pé, “Ọwọ́ ìyá yìí kì í jáni kulẹ̀. Kò gbé aboyún fún ẹlòmíràn rí.” A kò mọ̀ pé ìyìn náà ń di okùn mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í sun, tàbí tí ọmọ bá dábùú, bí ó bá ké sí àwọn atukọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó dà bí ẹni pé ó ti sọ orúkọ rere rẹ̀ nù. Nítorí èyí ó ń dúró, ó ń retí ilẹ̀ mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá lè ti kọjá. Kì í ṣe ìwà ìkà ni, ìyìn wa ni ó dè é mọ́lẹ̀. Bí ìyìn bá lè pa ènìyàn, ìyìn lè gba ènìyàn là pẹ̀lú, bí a bá mọ ohun tí a ó yìn.

Ìpínlẹ̀ Òndó ti fi apá kan èyí dán an wò. Ní 2009, ní àkókò Gómìnà Olúṣẹ́gun Mímikò, ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò Àbíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ilé ìwòsàn ìyá àti ọmọ sì ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010. Ní 2014 wọ́n fi ètò Agbẹ̀bíyè kún un. Wọn kò lé àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ilé àdúrà dànù. Wọ́n wí fún wọn pé, “Ẹ mú aboyún wá sí ilé ìwòsàn, a ó san ẹ̀san fún yín.” Ọgbọ́n ni, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n ètò ìjọba a máa bá ìjọba lọ. Oyè ìlú a máa dúró.

Àwọn tí ó kàwé nínú iṣẹ́ yìí kò ṣe aláìní ọ̀nà ọlá. Láti 1930 ni òfin ti ń kọ orúkọ àwọn agbẹ̀bí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn nọ́ọ̀sì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tí a dá sílẹ̀ ní 1981 sì ń fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọn ní oyè. Ìyá tí ó wà ní orí òpó nínú ọ̀sà ni kò ní nǹkan kan bí kò ṣe ẹnu wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín sí. Èkínní, kí àwọn ọba wa, Olúgbò ti Ùgbò, Amapetu ti Máhìn àti àwọn yòókù, pẹ̀lú ìgbìmọ̀ wọn, dá oyè Ìyá Àbíyè sílẹ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Kí a má ṣe fi í fún ẹni tí ó gbẹ̀bí púpọ̀ jù, bí kò ṣe ẹni tí ó mọ ìgbà tí ọ̀ràn kọjá agbára òun, tí ó sì ké sí ọkọ̀ kí ó tó pẹ́. Kí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn sì jẹ́rìí sí i. Èkejì, kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan pẹ̀lú epo nínú rẹ̀, tí a kì yóò fi gbé ẹja tàbí èrò ọjà, kí Ìyá Àbíyè sì ní àṣẹ lórí rẹ̀ lọ́sàn-án àti lóru láìbèèrè lọ́wọ́ ọkọ aboyún. Ẹ̀kẹta, kí a rán àwọn ọmọbìnrin Ìlàjẹ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí, kí ẹni tí ó mọ omi sì padà wá ṣiṣẹ́ lórí omi.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ẹ bá fi oyè fún ẹni tí kò kàwé, ẹ ti fún un ní àṣẹ láti máa ṣe ohun tí kò mọ̀.” Ọ̀rọ̀ náà ní ìwúwo. Ṣùgbọ́n yálà a fún un ní oyè tàbí a kò fún un, òun ni a ó kàn sí ní òru. Oyè tí mo ń sọ kò fún un ní àṣẹ láti dá aboyún dúró; ó fún un ní iyì láti jẹ́ kí ó lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: agbẹ̀bí agbolé àti agbẹ̀bí ilé ìwòsàn kò lè ṣe aláìní ara wọn.

Bí aboyún bá fẹ́ bí, àdúrà wa ni pé kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a fi oyè wa ti àdúrà náà lẹ́yìn. Kí ìgbìmọ̀ ìlú kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí jókòó lé e lórí kí àkókò ìjì tó dé, kí wọ́n sì fi èsì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wa. Kí Olódùmarè sọ gbogbo aboyún Ìlàjẹ kalẹ̀ ní àlàáfíà.